Ẹ̀rọ Agékoríko Tí Ẹṣin Ń Fà, àti Ọ̀nà Tí Ẹ̀rọ Gbà Wọ Oko

Bí a bá ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe wọ iṣẹ́ àgbẹ̀, orí katakata ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé láti ìdí ọkọ́ ni àwọn òyìnbó ti fò lọ sórí ẹ̀rọ elépo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí katakata tó dé, ó tó ọgọ́rin ọdún tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ lóko wọn, tó sì jẹ́ pé ẹṣin ni agbára tó ń gbé e rìn. Nínú gbogbo ẹ̀rọ ìgbà náà, ẹ̀rọ agékoríko ni mo gbà pé ó yẹ kí àwa náà wò dáadáa. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ariwo: koríko ló ń gé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìdí tí ó fi rọrùn fún un láti wọlé sí oko wọn yóò mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi wọ oko tiwa tí wọn kò sì dúró.

Koríko ni oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Òtútù ilẹ̀ wọn ló yàtọ̀. Ní Scotland, ní ìpínlẹ̀ New York, ní Ohio, ọ̀pọ̀ oṣù ló wà nínú ọdún tí koríko kì í hù rárá. Màlúù tí olówó rẹ̀ kò bá tọ́jú koríko gbígbẹ dè yóò kú kí yìnyín tó yọ́ tán. Koríko yìí kì í sì í ṣe ohun tí a lè gé nígbà tó bá wù wá. Bí a bá tètè gé e, kò tíì pọ̀. Bí a bá pẹ́, yóò le bí igi, oúnjẹ inú rẹ̀ yóò sì ti tán. Lẹ́yìn tí a bá gé e, ó gbọ́dọ̀ rí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Bí òjò bá bá a nílẹ̀, yóò bu. Èyí tí wọ́n bá kó sínú abà láìgbẹ dáadáa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó lè máa gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná tí abà yóò sì jóná tòun ti ẹran inú rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ọdún wá kó jọ sínú ọ̀sẹ̀ mélòó kan, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje. Iye ẹran tí àgbẹ̀ lè sìn kò ju iye koríko tí ọwọ́ rẹ̀ lè gé nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn lọ.

Dòjé gígùn tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì mú ni wọ́n fi ń gé e. Ìdájí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko, nítorí abẹ máa ń gé koríko tútù ju èyí tí oòrùn ti pa lọ. Àwọn ọkùnrin á tò tẹ̀lé ara wọn, oníkálukú á máa gé ipa tirẹ̀, wọ́n á sì máa dúró lóòrèkóòrè láti pọ́n abẹ. Aládùúgbò ń bá aládùúgbò ṣe é, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àáró. Ọkùnrin tó gbówọ́ yóò gé nǹkan bí éékà kan lójúmọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì sọ fún un lálẹ́.

Ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ dòjé kò wá tààrà. Ara ẹ̀rọ tó ń kórè àlìkámà ló ti yọ. Ní ọdún 1828, Patrick Bell, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Scotland tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà, gbé ẹ̀rọ ìkórè kan jáde tí ẹṣin ń tì láti ẹ̀yìn. Kò gba ìwé àṣẹ lé e lórí, torí ó fẹ́ kí àgbẹ̀ gbogbo rí i lò. Ní Amẹ́ríkà, Obed Hussey gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní ìparí ọdún 1833. Cyrus McCormick ará Virginia, tó ti dán tirẹ̀ wò lóko ní 1831, gba ìwé àṣẹ ní 1834. Àwọn méjèèjì bá ara wọn du ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú tèmi, bí abẹ ẹ̀rọ Hussey ṣe ń ṣiṣẹ́ ló sún mọ́ ẹ̀rọ agékoríko jù, àmọ́ McCormick ló mọ ọjà tà. Ikú Hussey dùn mí nígbà tí mo kà nípa rẹ̀: ní 1860, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láti bu omi fún ọmọ kan, bó ṣe fẹ́ padà wọlé ni ọkọ̀ náà gbéra, ó sì ṣubú sábẹ́ rẹ̀.

Orúkọ kan wà tí kò sí nínú ìwé àṣẹ kankan. Jo Anderson, ẹrú ní ilé McCormick, wà ní àgbẹ̀dẹ wọn nígbà tí wọ́n ń rọ ẹ̀rọ náà, ó sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹrú kò lè gba ìwé àṣẹ. Nígbà tí Cyrus kó lọ sí Chicago ní 1847 láti kọ́ ilé-iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olówó ńlá, Anderson kù sí Virginia. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn ẹ̀rọ oko tí kò bá dárúkọ ọkùnrin yìí, kò tíì kọ ọ́ tán.

Ní ọdún 1847 yẹn kan náà, William Ketchum ní ìlú Buffalo gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tó wà fún koríko nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lewis Miller ní Ohio ṣe ẹ̀rọ Buckeye, tí apá tó mú abẹ dání ní oríkèé, tí apá náà sì ń bá gegele àti kòtò ilẹ̀ lọ sókè sódò láìjẹ́ pé gbogbo ẹ̀rọ ń mì. Miller yìí náà ló wá di bàbá ìyàwó Thomas Edison, ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ gílóòbù iná. Láti ìgbà Miller títí di òní, ìrísí ẹ̀rọ agékoríko tí ẹṣin ń fà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ irin méjì ló ní, ara ẹsẹ̀ náà rí kángunkàngun kó lè di ilẹ̀ mú. Kò lo epo, kò sì ní ẹ́ńjìnnì. Bí ẹṣin méjì bá ti ń fà á, yíyí ẹsẹ̀ náà ni gbogbo agbára rẹ̀. Jíà ńlá tó wà lára ẹsẹ̀ á yí jíà kékeré, kékeré á yí èyí tó tún kéré sí i, tó fi jẹ́ pé kí ẹsẹ̀ tó yí lẹ́ẹ̀kan, àgbá kékeré tó wà ní ìparí ti yí lọ́pọ̀ ìgbà. Ọ̀pá igi kan so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgbá náà, kì í ṣe àárín rẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé bí àgbá ṣe ń yí ni ọ̀pá ń tì tó sì ń fà. Orí abẹ ni ìdí ọ̀pá náà wà. Abẹ yìí jẹ́ irin pẹlẹbẹ tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí wọ́n kan eyín onígun mẹ́ta sí lára lẹ́sẹẹsẹ. Ó ń sáré lọ sáré bọ̀ láàárín àwọn ìka irin tó yọ ẹnu síwájú. Koríko á wọ àárín ìka, eyín abẹ á bá a níbẹ̀, wọ́n á sì jọ gé e bí àlùmọ́gàjí. Ní ìparí apá náà, pákó kan wà tó ń ti koríko tó ti ṣubú sápá kan, kí ẹṣin lè rí ojú ọ̀nà tó mọ́ rìn nígbà tó bá yí padà.

Awakọ̀ jókòó lórí ìjókòó irin tí kò ní tìmùtìmù. Ọwọ́ kan di ìjánu mú, ọwọ́ kejì wà nítòsí ọ̀pá tí yóò fi gbé apá abẹ sókè bó bá rí òkúta tàbí kùkùté. Bí eyín kan bá ṣẹ́, kò ní láti ránṣẹ́ sí ìlú. Yóò fi òòlù lé ìṣó rẹ̀ jáde, yóò kan òmíràn sí i, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Lọ́sàn-án, ọmọ rẹ̀ á máa yí òkúta ìpọ́nrin nígbà tí bàbá á máa pọ́n eyín kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ yìí lè gé éékà mẹ́wàá lójúmọ́.

Ewu rẹ̀ kò kéré. Bí koríko bá há sẹ́nu abẹ, àwọn kan á sọ̀ kalẹ̀ lọ dúró níwájú rẹ̀ láti fọwọ́ fà á jáde láìtíì yọ jíà rẹ̀. Bí eṣinṣin bá ta ẹṣin tí ẹṣin sì sún síwájú ní ìṣísẹ̀ méjì péré, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti lọ. Àwọn ọmọdé tó sùn sínú koríko, ajá tó ń sáré níwájú ẹ̀rọ, ẹyẹ tó ń sàba lórí ilẹ̀, gbogbo wọn ni abẹ náà ti ṣe léṣe.

Ohun tó mú kí àgbẹ̀ kékeré lè ní ẹ̀rọ yìí kò pin sí ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ètò títà rẹ̀ ṣe pàtàkì bákan náà. Ní àwọn ọdún 1850, dọ́là 120 ni McCormick ń ta ẹ̀rọ ìkórè rẹ̀. Àgbẹ̀ á san nǹkan bí 30 sílẹ̀, yóò sì san ìyókù lẹ́yìn ìkórè, pẹ̀lú ìwé ìdánilójú pé ẹ̀rọ yóò ṣe iye iṣẹ́ tí wọ́n sọ. Àwọn aṣojú rẹ̀ wà ní ìlú kéékèèké, wọ́n sì ń kó páàtì pamọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí a máa da nọ́ńbà sára ẹ̀yà irin kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé àgbẹ̀ tí jíà rẹ̀ bá fọ́ kàn ní láti ka nọ́ńbà ara rẹ̀, kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, wọ́n á sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí i nínú ọkọ̀ ojú irin. Àwìn, páàtì, ọkọ̀ ojú irin, alágbẹ̀dẹ ládùúgbò: ẹ yọ ọ̀kan nínú wọn kúrò, ẹ̀rọ náà yóò di irin àlòkù lẹ́yìn ọdún méjì.

Bí ẹ̀rọ ṣe yanjú iṣẹ́ gígé, wàhálà ṣí lọ sí iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti gé éékà mẹ́wàá, ta ni yóò kó o jọ kí òjò tó dé? Ìyẹn ló mú kí kọ́ọ̀mù ńlá tí ẹṣin ń fà gbilẹ̀, lẹ́yìn náà èyí tó ń yí koríko kó lè gbẹ, lẹ́yìn náà okùn àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gbé e gun òkè abà. Kò sí ẹ̀rọ kan tó dá wọ oko; òmíràn máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rò pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló fi ayọ̀ gba ẹ̀rọ. Ní gúúsù England ní 1830, àwọn alágbàṣe oko dìde, wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ ìpakà káàkiri. Ìjọba so 19 kọ́ nínú wọn, wọ́n sì kó àwọn tó lé ní 400 lọ sí Australia. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀rọ ìpakà ni wọ́n fọ́. Pípakà ni iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun nígbà òtútù, nígbà tí kò sí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ lé e gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ wọn. Gígé koríko yàtọ̀ sí ìyẹn. Àkókò tí iṣẹ́ pọ̀ ju ọwọ́ lọ ni, ìdí sì nìyí tí ẹ̀rọ agékoríko kò fi rí irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ìjà dé bá àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà dípò. Ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún, 1886, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yanṣẹ́ lódì níwájú ilé-iṣẹ́ McCormick ní Chicago, wọ́n sì pa lára wọn. Lọ́jọ́ kejì, níbi ìpàdé tí wọ́n pè sí Haymarket láti fẹ̀hónú hàn, ẹnì kan ju bọ́ǹbù, ìbọn sì tún dún. Wọ́n so mẹ́rin kọ́ nínú àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìjà fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ni gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ sì ni Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ tí gbogbo Nàìjíríà ń sinmi fún ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ti wá. Ẹni tó bá ń yan lórí pápá lọ́jọ́ náà, ó yẹ kó mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ oko wà nínú ìtàn rẹ̀.

Ẹṣin fúnra rẹ̀ kò pẹ́ di ẹrù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ẹṣin àti ìbaaka tó wà lóko Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù 25. Apá tó pọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin nǹkan sí ló jẹ́ pé oúnjẹ ẹṣin ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀. Ní 1917, Ford gbé katakata Fordson jáde; ní 1924, International Harvester, ilé-iṣẹ́ tó jáde látinú ìdàpọ̀ McCormick àti Deering pẹ̀lú àwọn mìíràn ní 1902, gbé Farmall jáde. Katakata kì í jẹun lọ́jọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1950, katakata ti pọ̀ ju ẹṣin lọ lórí oko Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò tilẹ̀ ju ẹ̀rọ agékoríko wọn nù. Wọ́n gé ọ̀pá tí ẹṣin fi ń fà á kúrú, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀yìn katakata. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé Bamford ní Uttoxeter wà lára àwọn tó ń rọ ẹ̀rọ agékoríko àti ẹ̀rọ oko mìíràn. Ọmọ ìdílé náà kan, Joseph Cyril Bamford, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Orúkọ rẹ̀ ni JCB tí a ń rí lára katakata aláwọ̀ ìyeyè tó ń wa ilẹ̀ lójú pópó wa.

Kí ló dé tí àwa kò la ìgbà ẹṣin kọjá lóko? Kì í ṣe pé a kò mọ ẹṣin. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ fi jagun tó fi tóbi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àríwá ni wọ́n ti ń rà wọ́n, owó ńlá ni, nítorí eṣinṣin tsetse máa ń fi àrùn pa ẹṣin àti màlúù ní ilẹ̀ igbó àti ní apá púpọ̀ nínú ọ̀dàn tó sún mọ́ ọn. Agbára ẹṣin Ọ̀yọ́ kì í sì í ràn mọ́ nígbà tí ogun bá wọ igbó. Ilẹ̀ tí ẹṣin kì í ti í pẹ́ láyé, ta ni yóò so ó mọ́ ẹ̀rọ? Ní àríwá Nàìjíríà, níbi tí ẹran ti lè gbé, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ ìtúlẹ̀ tí màlúù ń fà ní àwọn ọdún 1920, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ń lò ó títí di òní. Ní tiwa, ọkọ́ àti àdá ló wà nílẹ̀ nígbà tí katakata dé. Ipele àárín kò sí.

Ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fẹ́ fo àlàfo náà, inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Láti 1959, lábẹ́ Akin Deko, mínísítà ètò ọ̀gbìn, tó ti lọ wo àpẹẹrẹ ní Ísírẹ́lì, wọ́n dá àwọn oko ibùdó sílẹ̀ ní Ìlọrà, Akùfọ̀ àti ibòmíràn fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé-ìwé. Owó tí wọ́n ná lórí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ wọn sì pa oko tì lọ wá iṣẹ́ sí ìlú. Mi ò ní bú àwọn tó ṣe ètò náà. Wọ́n rí i pé ọkọ́ nìkan kò lè bọ́ ìlú, òótọ́ sì ni. Ibi tí mo ti ní àríyànjiyàn ni ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí, àwa náà kò sì tíì kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún.

Ẹ wo iṣẹ́ oko àgbàdo. Katakata lè túlẹ̀ éékà mẹ́wàá láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Inú àgbẹ̀ á dùn, yóò gbìn ín tán. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èpò á yọrí. Tọkọtaya kan kò lè fi ọkọ́ ro éékà mẹ́wàá kí èpò tó borí àgbàdo, alágbàṣe kò sì sí, tàbí owó rẹ̀ ti ju èrè lọ. Ìtúlẹ̀ kọ́ ni ọrùn ìgò tó há, ìroko ni. A gbé ẹ̀rọ sórí iṣẹ́ tó hàn sí gbogbo ojú, a sì fi èyí tó ń pa ẹ̀yìn ìyá wa sílẹ̀. Oògùn apèpò ni àwọn tó lágbára fi ń dí àlàfo náà, ọ̀pọ̀ wọn ń fọ́n ọn láìbo imú. Ẹ̀rọ agékoríko ti Ketchum àti Miller yege torí ibi tó há gan-an ló bọ́ sí, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí gbogbo ọdún dúró lé.

Ọ̀rọ̀ koríko fúnra rẹ̀ sì kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ni òtútù tiwa. Láti oṣù kọkànlá, koríko ọ̀dàn á gbẹ lórí ìdúró, iná á jó èyí tó kù, darandaran á sì kó màlúù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ewé tútù wà, ibẹ̀ náà sì ni oko ẹlòmíràn wà. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ṣàn lórí èyí ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá, gbogbo wa la gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú àti ti òfin wà nínú rẹ̀, mi ò ní pé koríko nìkan ni. Ṣùgbọ́n kò sí ètò ìdaran sójú kan tó lè dúró láìsí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì sí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn láìsí ẹni tó gé koríko nígbà tó ṣì dára, kí òjò tó dáwọ́ dúró. Níbi tí òjò kò bá jẹ́ kó gbẹ, wọ́n lè ké e wẹ́wẹ́ ní tútù, kí wọ́n kì í mọ́ inú àpò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, yóò sì dúró fún oṣù púpọ̀. Àdá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ọgọ́rùn-ún màlúù.

Ẹ̀rọ tó lè ṣe é kò ní láti tóbi. Àwọn Amish ní Pennsylvania, tí ìgbàgbọ́ wọn kò jẹ́ kí wọ́n fi katakata ṣiṣẹ́ oko, ṣì ń fi ẹṣin gé koríko lónìí pẹ̀lú ẹ̀rọ McCormick-Deering No. 9, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1939. Àwọn alágbẹ̀dẹ wọn ló ń rọ páàtì rẹ̀ fúnra wọn. Ní ibòmíràn, ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀ méjì wà tí ènìyàn ń rìn tẹ̀ lé lẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì kékeré ló ń gbé e, abẹ ẹnu rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ Buckeye. Wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin lè ṣe apá abẹ yẹn. Mẹkáníìkì tó ń tún jẹnẹrétọ̀ kékeré ṣe ní gbogbo àdúgbò mọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tán.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ oko ní Abẹ́òkúta, ní Akúrẹ́ àti ní Ìlọrin, àti sọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń fi katakata ya fọ́tò. Ẹ lọ bi àgbẹ̀ léèrè iṣẹ́ tó ń dá a dúró nínú oṣù kẹfà àti nínú oṣù kọkànlá. Èyí tó bá dárúkọ ni kí ẹ ṣe ẹ̀rọ fún. Ẹ ṣe é kékeré, kí alágbẹ̀dẹ ìletò lè tún un ṣe. Ẹ da nọ́ńbà sára páàtì rẹ̀, kí ẹ sì kó páàtì náà sí ìlú tí àgbẹ̀ lè fi ọ̀kadà dé. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sì fi àwìn gbé e fún un títí yóò fi kórè.